Kíliníìkì Ọkàn: Àwọn Wo Ló Ń Débẹ̀, Kí Ló sì Ń Gbé Wọn Débẹ̀?

Kíliníìkì ọkàn ni ẹ̀ka ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn kò lè tú ẹ̀jẹ̀ ká gbogbo ara bó ṣe yẹ mọ́, èyí tí à ń pè ní àárẹ̀ ọkàn, àti àwọn tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ti dá ọkàn wọn lágara. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó wà ní UCH n'Íbàdàn, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, ní ilé ìwòsàn fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀, àti ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Abà l'Ábẹ́òkúta. Ènìyàn kì í ṣàdédé lọ síbẹ̀. Lẹ́tà dókítà láti jẹ́nẹ́rà tàbí ilé ìwòsàn aládàáni ló sábà máa ń gbé aláìsàn lọ. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀ka pàjáwìrì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn dé lóru, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, kí wọ́n tó gba káàdì kíliníìkì lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní wọ́ọ̀dù.

Ìmọ̀ tí àwọn kíliníìkì yìí ń lò kò ṣẹ̀yìn àwọn àgbà oníṣègùn tó fara balẹ̀ wádìí ohun tó ń pa àwọn ènìyàn wa. UCH ṣí ilẹ̀kùn ní 1957. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládípọ̀ Akíńkùgbé, ọmọ bíbí Oǹdó tó ṣaláìsí ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru. Òun ló darí ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò káàkiri Nàìjíríà. Àbọ̀ ìwádìí wọn, tó jáde ní 1997, fi hàn pé nínú àgbàlagbà 100, ó lé ní 11 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Òṣùwọ̀n ìgbà náà sì ga: ó di 160/95 kí wọ́n tó ka ènìyàn mọ́ ọn. Lónìí, 140/90 ti tó, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n fò dá nígbà náà ni wọn ì bá kà mọ́ ọn báyìí.

Arúgbó kọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní THESUS-HF, tó jáde ní 2012, tọpa aláìsàn 1,006 tí àárẹ̀ ọkàn gbé dé ilé ìwòsàn fásitì 12 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 9, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Bí a bá da ọjọ́ orí gbogbo wọn pọ̀ tí a pín in dọ́gba, ọdún 52 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ẹni tó ti lé ní 70 ló sábà máa ń ṣe irú àìsàn bẹ́ẹ̀, ohun tó sì sábà máa ń fà á ni pé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀ ti dí. Nínú ìwádìí Áfíríkà yìí, àwọn tí iṣan wọn dí kò tó 8 nínú 100. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló kó ohun tó sún mọ́ ìdajì. L'Ábẹ́òkúta, níbi tí àwọn dókítà ti ṣàkọsílẹ̀ aláìsàn 452 láàárín 2009 àti 2010, ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí ọ̀rọ̀ ẹni tó ju 75 lọ nínú 100. Ìyálọ́jà tó ń sanwó ilé ìwé ọmọ, awakọ̀ èrò, tíṣà tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ku ọdún mélòó kan: irú wọn ló ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kíliníìkì. Bí ọ̀kan bá dùbúlẹ̀ nínú wọn, odidi agbo ilé ni ebi ń wá.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun ènìyàn, ibẹ̀ sì ni ewu rẹ̀ wà. Ọkàn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ sínú iṣan tó le koko dà bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn dì mú láti òdìkejì. Ẹran ara rẹ̀ á kọ́kọ́ nípọn sí i kó lè rí agbára tì. Bó bá pẹ́ títí, á rẹ̀ ẹ́, á fẹ̀, á sì dẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rí tú síwájú mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kó sẹ́yìn, omi á jò sínú ẹ̀dọ̀fóró, èémí á sì di ìṣòro. Kíndìnrín náà tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tó á máa tọ́jú iyọ̀ àti omi pamọ́ sára, ẹsẹ̀ á wú, ikùn á sì tẹ̀ lé e.

Àwọn abiyamọ tún wà. Irú àárẹ̀ ọkàn kan wà tó máa ń mú obìnrin láti oṣù tó gbẹ̀yìn oyún títí di oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìbímọ, tí ọkàn rẹ̀ kò sì lálèébù kankan tẹ́lẹ̀. Ó wọ́pọ̀ gan-an ní apá àríwá Nàìjíríà, àwọn oníṣègùn Zaria àti Kano sì ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lé e lórí. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ wíwú àti àárẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun lára aboyún, ẹbí á ní wàhálà ìkúnlẹ̀ ló kù lára ìyá ìkókó. Ọ̀pọ̀ wọn ni ọkàn wọn máa ń padà sípò bí ìtọ́jú bá tètè bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n má lóyún mìíràn láìfi lọ dókítà, torí àìsàn náà lè padà dé, kó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àwọn tó kéré jù lọ́jọ́ orí níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àwọn tí ọ̀fun dídùn ba ọkàn wọn jẹ́ nígbà èwe. Kòkòrò kan tó ń fa ọ̀fun dídùn lè mú kí ọmọ ogun ara máa gbógun ti oríkèé àti ilẹ̀kùn tín-ín-rín tó wà láàárín yàrá ọkàn. Ilẹ̀kùn náà á dápàá, kò ní ṣí dáadáa, kò sì ní tì dáadáa. Ọmọ tó ní ọ̀fun dídùn lọ́mọ ọdún mẹ́wàá lè di ẹni ogún ọdún tí kò lè gun àtẹ̀gùn. Pẹnisílíìnì tí kò wọ́n ló ń dènà rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti kọlù gbọ́dọ̀ máa gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ilẹ̀kùn ọkàn bá ti bàjẹ́ jù, iṣẹ́ abẹ ló kù. Ní Nàìjíríà, Enugu ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń la ọkàn, ní 1974.

Láti ẹ̀dọ̀fóró ni àìsàn àwọn kan ti wá. Ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti jẹ lẹ́dọ̀fóró kó tó lo oògùn rẹ̀ tán lè bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò náà kí àpá rẹ̀ sì kù sínú. Àwọn tó ti mu sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún àti àwọn ìyá tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dáná igi nínú ilé ìdáná tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ náà wà níbẹ̀. Iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró wọn ti le, apá ọ̀tún ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá á sì máa ṣe làálàá títí agbára rẹ̀ á fi pin. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tún lè da omi yí ọkàn ká, kó fún un mọ́ra tí kò fi ní lè fẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde náà wà lára wọn, nítorí àìsàn wọn lè sọ iṣan ẹ̀dọ̀fóró di líle.

Bí aláìsàn bá wọlé, ìbéèrè ni iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. “Bàbá, ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn?” Ìbéèrè yìí kò kan oorun nìkan. Ẹni tí omi wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, ìrọ̀rí á di méjì, á di mẹ́ta, títí ó fi máa jókòó sùn. Wọ́n á bi í bóyá èémí máa ń jí i lóru tí á sì sáré lọ sójú fèrèsé. Dókítà á wá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Tó bá gbé ọwọ́ kúrò tí ojú ibẹ̀ ṣì jìn kòtò, omi ló wà níbẹ̀. Á wo iṣan ọrùn bóyá ó yọ, á tẹ́tí sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró bóyá ó ń dún ṣàràṣàrà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á pín aláìsàn sí ìpele. Ìpele mẹ́rin tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ní New York gbé kalẹ̀ ní 1928 ni wọ́n ṣì ń lò. Ẹni tó wà ní ìpele kìíní ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsí ìnira. Ìpele kejì, tó bá pọn omi tàbí gun àtẹ̀gùn ni èémí á há. Ìpele kẹta, ìwẹ̀ lásán ti tó láti rẹ̀ ẹ́. Ìpele kẹrin, ó jókòó jẹ́ẹ́, síbẹ̀ kò mí délẹ̀. Àwòrán X-ray á fi hàn bóyá ọkàn ti tóbi, ECG á ka bó ṣe ń lù, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ẹ́kò á sì fi ọkàn fúnra rẹ̀ hàn bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Ọkàn tó bá ń tú ìdá 50 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì lágbára. Èyí tó bá já wá sí 40 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀ ti rẹ̀.

Oògùn wà. Èyí tó ń mú omi jáde nínú ara ló ń tètè mú ìtura wá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń dẹ iṣan tí wọ́n sì ń dín wàhálà ọkàn kù ló ń fa ẹ̀mí gùn. Aláìsàn gbọ́dọ̀ dín iyọ̀ kù, kó sì máa gun òṣùwọ̀n láràárọ̀, torí bí ara bá fi kílò méjì wúwo láàárín ọjọ́ mélòó kan, omi ló ń padà bọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni owó. Òfin ìlera tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ènìyàn ní adójútòfò, síbẹ̀ àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ṣì fi ń ra oògùn. Bí owó bá tán, oògùn á dúró. Àwọn mìíràn á dá a dúró torí pé ara ti yá, wọn kò mọ̀ pé oògùn náà ló ń mú ara yá.

Pípẹ́ kí wọ́n tó wá náà ń pa wọ́n. Ẹsẹ̀ wíwú, wọ́n á ní ó tẹ nǹkan. Èémí tó ń há lóru, wọ́n á ní ayé ni. Kí wọ́n tó ti orí òkè àdúrà àti ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ dé kíliníìkì, ìpele kẹrin ti dé. Nínú àwọn aláìsàn THESUS-HF, nǹkan bí 18 nínú 100 ló kú láàárín oṣù mẹ́fà.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbé ènìyàn dé kíliníìkì ọkàn ló ṣe é dá dúró lójú ọ̀nà. Kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tàbí lọ́dọ̀ apòògùn, kó tó di pé ara sọ fún un. Kí ẹni tó ní in má fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Kí òbí má fojú kéré ọ̀fun dídùn ọmọ, kí ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ lo oògùn rẹ̀ tán. Bí ènìyàn kò bá sì lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, kó má ṣe kó ìrọ̀rí jọ, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ.