Ẹ́ńjìnnì Tuntun Fún Ọkọ̀ Èrò: Ọ̀sẹ̀ Àkọ́kọ́ Ni Èrè Tàbí Àdánù Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ́ńjìnnì dáńfó bá nọ́ọ̀kì, ohun àkọ́kọ́ tí olówó ọkọ̀ máa ń béèrè ni pé, "Èló ni òmíràn?" Ìbéèrè tó dáa ni, àmọ́ kò tó. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo àti ọ́ìlì ju bó ṣe yẹ lọ ti di olè inú ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ kan tàbí méjì lójú pópó, nǹkan méjì ló yẹ kí ẹ ṣírò: irú ẹ́ńjìnnì tí ẹ fẹ́ gbé sí i, àti bí ẹ ṣe máa lò ó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Èyí ẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Àwọn kan á lọ ra tòkunbọ̀ ní ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin, l'Ékòó. Àwọn mìíràn á ní kí mẹkáníìkì tú èyí tó wà nílẹ̀, kó sì tún un tò. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́, irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín tẹ́lẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ rà. Ẹni tó bá ní kí wọ́n gbé èyí tó lágbára jù ú lọ sí i lè tún ra jíà, rédíétọ̀ àti "brain box" mọ́ ọn. Ọkọ̀ tó ń já èrò láti ibùdókọ̀ kan sí èkejì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò nílò eré àsápajúdé.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì náà níṣojú yín nígbà tó ṣì tutù. Èéfín tó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Èéfín funfun tí kò tán lẹ́yìn tó ti gbóná, omi ló ń wọ ibi tí kò yẹ. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì: bó bá rí bí ẹ̀kọ mímu, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Kí mẹkáníìkì yín sì fi mítà wọn agbára tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Kò yẹ kí èyí tó kéré jù fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ dín sí èyí tó ga jù. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ lè fi tún ìwé ọkọ̀ ṣe, kí ẹ̀rù ọlọ́pàá má sì bà yín.

Ríńgì inú tòkunbọ̀ ti mọ ilé rẹ̀. Ọ́ìlì, fílítà, bẹ́líìtì àti àwọn rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró ló yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ kó tó wọnú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n tú, tí wọ́n gbẹ́ sìlíńdà rẹ̀, tí wọ́n sì fi písítìnì àti ríńgì tuntun sí, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ríńgì tuntun gbọ́dọ̀ fara gbo ara sìlíńdà títí wọn ó fi bára mu. Bí ẹ bá kàn tan án sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ láì rìn, ara sìlíńdà á máa dán bíi dígí, ríńgì kò sì ní mú. Ọ́ìlì ni yóò máa mu títí. Bí ẹ bá sì kó ẹrù lé e lọ́jọ́ kìíní, ooru á bà á jẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì, kó yí ẹ́ńjìnnì títí ọ́ìlì yóò fi dé ibi gbogbo. Bó bá ti tàn, tí kò jò, ẹ gbé e jáde. Fún 1,000 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ má tẹ iná rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má di èrò kún un, ẹ má sì jẹ́ kó máa sá eré kan náà ṣáá. Ẹ da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ fílítà, bó bá ti rin bíi 500 kìlómítà, nítorí ẹ̀rún irin máa ń wà nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje lórí ilẹ̀ eléruku ní Amẹ́ríkà pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 602 tí Chevrolet ń tà fún wọn nínú àpótí, tí ilé iṣẹ́ ti dì pa, ní agbára ẹṣin 350. Síbẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi sùúrù mú un mọ́lẹ̀ kó tó wọ pápá ìdíje.

Níbo wá ni ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ ti ń pàdánù? Lórí owó ojoojúmọ́ tí awakọ̀ ń dá ni. Ẹ kò lè ní kó rọra rìn, kẹ́ ẹ sì ní kó mú owó pé wálé. Ká ní ₦20,000 ló ń dá lójúmọ́. Bí ẹ bá gba ìdajì fún ọjọ́ mẹ́fà, ₦60,000 lẹ yọ̀ǹda. Ẹ fi í wé iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín láti tún ẹ́ńjìnnì náà tú.

Nítorí náà, ẹ ka owó ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí mọ́ iye tí ẹ̀ ń ra ẹ́ńjìnnì. Ẹ jọ ṣàdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú awakọ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.