Ilé àdúrà kékeré etí odò Jọ́dánì: níbo gan-an ni Jòhánù ti ṣe ìrìbọmi fún Jésù?

Màmá wa kan tó ń ta èlùbọ́ nínú ọjà tí a wà yìí dá àjọ fún ọdún mẹ́rin kó tó rí owó lọ sí Jerúsálẹ́mù. Nígbà tó dé, a lọ kí i kú àbọ̀, ó sì bu omi Jọ́dánì fún wa látinú ike kékeré kan. A fi pa iwájú orí, a ṣe àmín. Àfi bí ọ̀kan nínú wa tó ti lọ rí ṣe la ẹnu, tó ní ibi tí Màmá ti ṣe ìrìbọmi yẹn, ibẹ̀ kọ́ ni Jésù ti ṣe é. Gbogbo ilé dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Màmá ránṣẹ́ sí wa pé ká bá òun wádìí ọ̀rọ̀ náà, ṣé wọ́n lu òun ní jìbìtì ni?

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Àwa tí a ń gbé ìlú onílùú, orúkọ wa kì í sábà jáde lára àwọn tí ìjọba ń bá san owó ìrìnàjò yìí. Ìpínlẹ̀ tí a ń gbé á ní a kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí wa á ní a kì í gbé ọ̀dọ̀ wọn. Owó èlùbọ́ ni Màmá fi lọ. Ó yẹ kó mọ ibi tí owó náà gbé e dé.

Odò Jọ́dánì ń ti ẹsẹ̀ òkè Hámónì wá, ó gba inú adágún Gálílì kọjá, ó sì ń yí kọ́lọkọ̀lọ lọ sí gúúsù títí tó fi wọ inú Òkun Iyọ̀. Ibi tó ti ń jáde kúrò nínú adágún Gálílì ni wọ́n gbé Màmá lọ. Yardenit lorúkọ ibẹ̀. Ísírẹ́lì ló ṣí i lọ́dún 1981, torí pé lẹ́yìn ogun 1967, àwọn sójà ti gba ibi ìrìbọmi àtijọ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ odò, kò sì sí bí àlejò ṣe lè dé ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Omi pọ̀ ní Yardenit, igi wà níbẹ̀, wọ́n ń háyà aṣọ funfun, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ó dára o. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé ibi àtijọ́ náà tó nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún kìlómítà.

Ibi àtijọ́ yẹn kò jìnnà sí Jẹ́ríkò, bíi kìlómítà mẹ́sàn-án sí Òkun Iyọ̀. Apá méjì ló ní, nítorí àárín odò ni ààlà wà. Apá ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n ń pè ní Qasr al-Yahud. Apá ìlà oòrùn, tó wà ní orílẹ̀-èdè Jọ́dánì, ni Al-Maghtas, tó túmọ̀ sí ibi ìrìbọmi ní èdè Lárúbáwá. Ẹ wo Jòhánù orí 1 ẹsẹ 28: Bẹ́tánì tó wà ní òdìkejì Jọ́dánì ló pè é. Kì í ṣe Bẹ́tánì Lásárù o, ìyẹn wà lẹ́bàá Jerúsálẹ́mù. Apá ìlà oòrùn yìí náà ni òkè kékeré kan wà tí wọ́n gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé Èlíjà lọ sókè.

Ibẹ̀ ni ilé àdúrà kékeré tí a fẹ́ sọ wà. Nígbà Ọba Anastasius ti Róòmù, tó jọba láàárín ọdún 491 sí 518, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Jòhánù Onítẹ̀bọmi sí etí odò. Wọ́n gbé e ga nítorí àgbàrá. Àwọn arìnrìnàjò ìgbà náà sọ pé àgbélébùú kan dúró sínú omi láti fi ibẹ̀ hàn. Ní nǹkan bí ọdún 680, bíṣọ́ọ̀bù kan láti ilẹ̀ Faransé, Arculf, dé ibẹ̀, ohun tó sì rí ni wọ́n bá a kọ sílẹ̀. Ó ní ilé àdúrà kékeré kan wà, níbi tí wọ́n sọ pé wọ́n ti bá Jésù tọ́jú aṣọ rẹ̀ nígbà tó bọ́ sómi. Orí òpó òkúta mẹ́rin ni wọ́n gbé e lé, omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ti rí àwọn ilé orí omi ní Mákòókò yóò mọ bó ṣe rí, àmọ́ òkúta ni tiwọn, kì í ṣe pákó.

Kí ló dé tí wọn ò kọ́ ọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ? Jóṣúà 3:15 ti dáhùn: Jọ́dánì máa ń kún bo bèbè rẹ̀ nígbà ìkórè, tí yìnyín orí òkè bá yọ́. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ojú ibi tí omi wà gan-an ni wọ́n fẹ́. Àgbàrá á wó o, ilẹ̀ á mì tìtì, wọ́n á tún un kọ́, èyí tuntun á jókòó lórí òkú èyí àtijọ́. Nígbà tó yá, wọn ò kọ́ ọ mọ́. Lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà 1994 láàárín Jọ́dánì àti Ísírẹ́lì, wọ́n yọ àdó olóró tó wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1996. Wọ́n rí ìdí òpó òkúta mẹ́rin náà. Wọ́n rí àtẹ̀gùn mábù tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi omi. Lọ́dún 2015, UNESCO kọ orúkọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé.

Ẹni wa tó dé ibẹ̀ ní ohun tó ya òun lẹ́nu jù ni pé òpó náà wà, odò kò sí lábẹ́ rẹ̀. Odò ti sún lọ. Ẹ óò rin inú igbó díẹ̀ kẹ́ ẹ tó kàn án. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ ní ohun tó ju ọ̀ọ́dúnrún mítà, ooru rẹ̀ kò sì ṣe é fẹnu sọ. Òkè tó yí i ká funfun bí ẹfun, koríko kan kì í hù lórí rẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti sún mọ́ omi, ìfèéfèé á gùn ju èèyàn lọ, àti igi támárískì tó ń fara da iyọ̀. Inú irú igbó yìí ni Jeremáyà ní kìnnìún ti ń jáde wá. Ní báyìí, ẹyẹ àti sójà lẹ máa rí.

Odò náà ńkọ́? Ó pọ́n bí omi ẹrẹ̀. Arculf ní nígbà tòun, ọkùnrin alágbára ló lè fi kànnàkànnà ta òkúta láti ìdí àgbélébùú dé bèbè kejì. Lónìí, ọmọdé á fi ọwọ́ lásán sọ ọ́. Ísírẹ́lì ń fa omi láti Gálílì lọ sí ìlú rẹ̀ láti 1964, Jọ́dánì ń fa tirẹ̀ sí oko, Síríà dí odò Yarmouk tó ń ṣàn bọ̀ sínú rẹ̀. Omi tó ń dé ìsàlẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó ń dé ibẹ̀ látijọ́, omi ìdọ̀tí àti omi iyọ̀ sì ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún.

Apá ìwọ̀ oòrùn náà ti ṣí padà fún gbogbo èèyàn láti 2011. Ní March 2000, Póòpù John Paul Kejì dé apá méjèèjì, kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èwo ni tòótọ́.

A padà sọ́dọ̀ Màmá. A sọ fún un pé wọn ò lù ú ní jìbìtì, odò kan náà ni, omi Gálílì tó wọ̀ yẹn ló yẹ kó ṣàn dé ìdí òpó mẹ́rin náà tí wọn ò bá fà á lọ. Ohun tí a ò fara mọ́ ni pé ẹni tó gba owó rẹ̀ kò là á yé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè: Yardenit ni àbí ibi àtijọ́? Bó bá jẹ́ ibi àtijọ́, ṣé láti Ísírẹ́lì ni a máa gbà wọ̀ ọ́, àbí láti Jọ́dánì? Físà wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ̀yìn káàdì àjọ Màmá la ya odò náà sí, láti òkè dé Òkun Iyọ̀. Ó fi ìka tọ ọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, ó wá ní ká bá òun kọ orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, Al-Maghtas, nítorí oṣù tó ń bọ̀ lòun máa bẹ̀rẹ̀ àjọ mìíràn.