Ta Ló Wà Lẹ́yìn Ọjà Rẹ? Owó Nìkan Kọ́ Ló Ń Gbé Òwò Ró

Ẹni tó bá mọ Post Office n'Ílọrin mọ̀ pé èrò kì í dá níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lòwò ti dá mi lójú, ibẹ̀ náà ló sì ti já mi kulẹ̀.

Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n mi fún mi lówó, mo ń fi ta ṣájà fóònù. Oṣù mẹ́ta péré, owó ti wọmi! Àìsí oníbàárà kọ́. Èrè àtowó ọjà, mo pa wọ́n pọ̀ ni mo ń ná. Mi ò dájọ, mi ò sì mọ ẹnì kan tó lè gbé ọjà fún mi láwìn.

Ìyá aláta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ò tó tèmi rárá. Ṣùgbọ́n bí ata wọn bá bàjẹ́, ẹni tí wọ́n ń bá rà ní Ìpàta á gbé òmíràn fún wọn, wọ́n á sanwó lẹ́yìn ọjà. Bára wọn ò bá yá, ẹlẹgbẹ́ wọn á bá wọn tà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fún alájọ ní 500 naira. Lọ́jọ́ 30, ó di 15,000. Alájọ á yọ 500 tirẹ̀, ìyá á gba 14,500 lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ọjà nìyẹn!

Ọgbọ́n yìí ò kéré o. Èsúsú tí àwọn baba ńlá wa ń dá bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dé Trinidad; susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ dòní.

Lọ́dún 2018, ìjọba àpapọ̀ gbé TraderMoni jáde, wọ́n ń yá ọlọ́jà kéékèèké ní 10,000 naira láìgba ohun ìdógò. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò mọ ìṣirò, tí ò lẹ́gbẹ́, tówó bá dé, ṣé kò ní tún lọ ni?

Lóòótọ́, alájọ mìíràn ń kówó sá. Ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ gba káàdì, ẹ má kó gbogbo owó yín fún ẹnì kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, kẹ́ ẹ tó pàtẹ, ẹ bi ara yín: Ta ló kọ́ mi níṣẹ́? Ta ló lè gbé ọjà fún mi láwìn? Níbo lèrè mi ń sùn?

Ẹ̀yin ìyá wa náà, bẹ́ ẹ bá rí ọmọ tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ má fi ṣọ̀tá, ẹ mú un wọ ẹgbẹ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè.

Ta ló gbé òwò tiyín ró? Ẹ kọ̀wé sí wa.