Bí Chesapeake Ṣe Sọ Asẹ́ Omi Rẹ̀ Nù, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Wá A Padà

Ní nǹkan bí ọdún 1702, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tó ń jẹ́ Francis Louis Michel wọ ọkọ̀ ojú omi ní Virginia. Bí ọkọ̀ náà ti ń lọ ni ó gbé sórí òkìtì kan lábẹ́ omi. Kì í ṣe àpáta, kì í sì í ṣe yanrìn. Ọ́ísítà ni, ẹran omi oníkarahun méjì, tí wọ́n ti gun ara wọn lórí láti ìsàlẹ̀ odò. Ó tó nǹkan bí wákàtí méjì tí wọ́n fi dúró kí omi òkun tó kún, kí ọkọ̀ náà tó tún léfòó. Michel kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ́ísítà pọ̀ níbẹ̀ débi pé ọkọ̀ ní láti máa yà fún un.

Ìyawọ omi Chesapeake ni omi tí à ń sọ yìí, ibi tí àwọn odò ìpínlẹ̀ Maryland àti Virginia ní Amẹ́ríkà ti ń pàdé òkun. Ó gùn tó 320 kìlómítà. Lónìí, àwọn òkìtì wọ̀nyẹn ti wó lulẹ̀, ọ́ísítà tó kù níbẹ̀ kéré gan-an sí ti àtijọ́, omi náà sì ti dọ̀tí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé jíjẹ ni wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ní tèmi, àjẹjù nìkan kọ́ ló fa ìparun náà. Ilé tí ọmọ ọ́ísítà ì bá gbé ni wọ́n kó lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ẹran omi yìí ń ṣe. Ọ́ísítà kò ní ẹsẹ̀, kò ní lẹ́bẹ́, kì í wá oúnjẹ lọ. Oúnjẹ ni í wá a wá. Bí omi òkun bá ti kún bò ó, yóò ṣí ìkarahun rẹ̀ díẹ̀. Irun tíntìntín tí kò lóǹkà wà lára ẹ̀yà tó fi ń mí, wọ́n ń jù fìrìfìrì láìsinmi, àwọn ni wọ́n ń fa omi wọlé. Bí omi ti ń gba ibẹ̀ kọjá, nǹkan yíyọ̀ bí ikun tó bo ẹ̀yà náà yóò mú ohun tó wà nínú omi: ewé omi tí ojú lásán kò lè rí, ẹrẹ̀, ìdọ̀tí. Àwọn irun náà yóò wá darí gbogbo rẹ̀ sọ́nà ẹnu. Níbẹ̀ ni ọ́ísítà ti ń ṣà á. Èyí tó ṣe é jẹ á wọlé, èyí tí kò ṣe é jẹ á di ìṣù kékeré, á sì tì í síta. Ìṣù yìí àti ìgbẹ́ rẹ̀ á rì sí ìsàlẹ̀ odò, omi tó tú jáde á sì ti mọ́. Bí omi bá fà lọ, tí òkìtì yọ síta sínú òòrùn, á pa ìkarahun dé gbọn-in títí omi yóò fi padà. Mọ́sẹ́ẹ̀lì, ìbátan rẹ̀ tó ń fi fọ́nrán ara rẹ̀ so mọ́ àpáta, ọ̀nà kan náà ló ń gbà sẹ́ omi.

Ọ́ísítà kan tó ti dàgbà lè sẹ́ omi tó 190 lítà lóòjọ́. Èyí tó ga jù lọ nìyẹn o, nígbà tí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí gbogbo nǹkan sì bá a lára mu. Nígbà òtútù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣiṣẹ́ rárá.

Àǹfààní rẹ̀ kò mọ sí kí omi mọ́ lójú. Ajílẹ̀ inú oko, ìgbẹ́ adìyẹ àti omi ẹ̀gbin ìlú ń gbé náítírójìn wọ inú Chesapeake. Náítírójìn yìí ló ń mú kí ewé omi tíntìntín máa pọ̀ sí i ní àpọ̀jù. Tí wọ́n bá kú, tí wọ́n ń jẹrà, wọ́n á fa ọ́síjìn inú omi tán, ẹja àti alákàn kò sì ní lè mí. Ọ́ísítà ń jẹ ewé wọ̀nyí kí wọ́n tó pọ̀ jù. Nínú ẹrẹ̀ tí ìgbẹ́ rẹ̀ rì sí, bakitéríà ń sọ díẹ̀ lára náítírójìn náà di afẹ́fẹ́, á sì bá ojú ọ̀run lọ. Bí omi bá sì mọ́, ìmọ́lẹ̀ á kan ìsàlẹ̀, koríko á hù níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹja á rí ibi sá sí.

Ọmọ ọ́ísítà máa ń lúwẹ̀ẹ́ káàkiri fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ rí ohun líle lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ náà ni yóò sì wà títí yóò fi kú. Ìkarahun àwọn tó ti wà ṣáájú rẹ̀ ni ó bá a lára mu jù. Bí òkìtì ṣe ń ga nìyẹn: ọmọ lórí bàbá, bàbá lórí ìkarahun baba ńlá, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Èyí tó bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, ó ti kú.

Òkìtì wọ̀nyí ni àwọn èèyàn wá yà lulẹ̀. Ní 1833, wọ́n mú Frederick Douglass, òǹkọ̀wé tó ṣì jẹ́ ẹrú nígbà náà, wá sí St. Michaels létí omi yìí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lẹ́yìn náà pé iṣẹ́ ọ́ísítà ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń ṣe. Ẹ̀mú onígi gígùn ni wọ́n fi ń kó o nígbà náà, kò sì lè kó ju ohun tí apá èèyàn bá gbé. Àwọn ọlọ́kọ̀ láti apá àríwá ló mú irin eléyín dé, èyí tí ọkọ̀ onígbòkun ń wọ́ nílẹ̀ odò tuurutu, tó ń ya òkìtì lulẹ̀. Virginia fòfin de irin náà ní 1811, Maryland ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1820. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ní 1865, Maryland bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé àṣẹ láti lo irin náà. Ọkọ̀ ojú irin ti dé, àwọn ilé iṣẹ́ Baltimore ń di ọ́ísítà sínú agolo, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira sì rí iṣẹ́ lórí ọkọ̀ àti nínú ilé tí wọ́n ti ń la ìkarahun. Ìjà orí omi le débi pé ní 1868 Maryland dá ọlọ́pàá ojú omi sílẹ̀ nítorí ọ́ísítà nìkan, àwọn èèyàn sì yìnbọn fún ara wọn.

Ní 1884 sí 1885, Maryland kó nǹkan bí mílíọ̀nù 15 apẹ̀rẹ̀ bushel. Apẹ̀rẹ̀ kan gbà ju 35 lítà lọ. Ibo ni ìkarahun lọ? Wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà, wọ́n sun ún di ẹfun, wọ́n lọ̀ ọ́ fún adìyẹ jẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n William Keith Brooks ti yunifásítì Johns Hopkins kìlọ̀ nínú ìwé tó ṣe jáde ní 1891 pé ìparun ń bọ̀, kí wọ́n máa sin ọ́ísítà bí àgbẹ̀ ṣe ń gbin irúgbìn. Wọn kò fetí sí i tó. Nígbà tó yá, àrùn méjì, Dermo àti MSX, tí kì í ran èèyàn, gbá ọ̀pọ̀ lára ìyókù lọ ní ọ̀rúndún ogún.

Ní 1988, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Roger Newell, ṣe ìṣirò kan tó ta àwọn èèyàn jí. Àwọn ọ́ísítà tó wà ṣáájú 1870 lè sẹ́ gbogbo omi Chesapeake láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà. Àwọn tó kù nígbà tirẹ̀ yóò lò tó ọdún kan. Ìṣirò ni o, àwọn onímọ̀ míì sì ti jiyàn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé àdánù náà kéré.

Ní 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìsàlẹ̀ odò Harris Creek ṣe, kò jìnnà sí St. Michaels. Wọ́n da ìkarahun àti òkúta sílẹ̀, wọ́n sì gbé ọmọ ọ́ísítà tó ju bílíọ̀nù méjì lọ lé e, tí wọ́n ti tọ́ nínú ilé ìtọ́jú Horn Point kí wọ́n tó gbé wọn wá. Àwọn apẹja bínú sí òkúta náà, mo sì rò pé wọ́n ní ẹjọ́ rò, nítorí ó ń dí ọ̀nà okùn alákàn wọn. Ṣùgbọ́n kí ni wọn ì bá ṣe? Ìkarahun kò tó mọ́. Àwọn olùwádìí ṣírò rẹ̀ pé òkìtì tuntun yìí lè sẹ́ gbogbo omi Harris Creek láàárín ọjọ́ tí kò tó mẹ́wàá nígbà ooru.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí èyí máa da ẹ̀gbin somi. Kòkòrò àrùn inú omi tí ọ́ísítà sẹ́ lè wà lára rẹ̀. Ní òpin 1924 sí 1925, ọ́ísítà inú omi ẹlẹ́gbin fa àrùn ibà jẹ̀funjẹ̀fun ní New York, Chicago àti Washington, ó sì pa nǹkan bí 150 èèyàn.

Ọ́ísítà wà nínú ọ̀sà Èkó náà, ó ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà. Ẹni tó bá gé ẹ̀gbà lulẹ̀, ó ti gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gbà á ní Chesapeake. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí ọ̀sà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gé ìyókù. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Maryland, tí ẹ bá jẹ ọ́ísítà, ẹ má da ìkarahun rẹ̀ sínú pàǹtírí. Ibi tí wọ́n ti ń gbà á wà káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Ẹ gbé e lọ síbẹ̀, wọn yóò dá a padà sínú omi.