Róòlù Fíìmù Sinimá Kan, Pẹ̀lú Páànù Rẹ̀

Oníke, páànù. Fífẹ̀: mìlímítà 35. Íńdíà ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n fi hàn nílé sinimá àdúgbò kan ní Èkó ní nǹkan bí ọdún 1975.

Fíìmù Íńdíà dùn mọ́ èrò sinimá débi pé ọmọdé tí kò gbọ́ èdè náà rárá ń kọ orin inú rẹ̀ lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni fíìmù Àjàní Ògún (1976) àti fíìmù Aiye (1979) ti Hubert Ògúndé gbé èdè Yorùbá wá sójú aṣọ funfun, èrò sì ya bò wọ́n.

Àwòrán 24 ló ń kọjá níwájú iná ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà róòlù kan kì í gbé fíìmù dé òpin. Ẹ wo igun òkè lápá ọ̀tún àwọn àwòrán ìkẹyìn róòlù yìí. Ẹ ó rí àmì roboto kékeré kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń yọ: àkọ́kọ́ ní kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ tan ẹ̀rọ èkejì, ìkejì ní kó gbé àwòrán bọ́ síbẹ̀. Bó bá tòògbé pẹ́nrẹ́n, aṣọ á funfun báláú, gbogbo ilé á sì hó yèè.