Aisha wá àbúrò ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn afẹ̀míṣòfò, àmọ́ ohun tójú ẹ̀ rí níbẹ̀ kọjá ẹnu sísọ!

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni sọnù lọ. Bẹ́ẹ̀ wọn ò sọ bó ṣe máa ń rí fún ẹ̀gbọ́n tó ń wá àbúrò ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú fíìmù The Milkmaid nìyẹn o, èyí tí Desmond Ovbiagele kọ, tó sì tún darí ẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn owó náírà mẹ́wàá, bó bá ṣì ṣẹ́kù sápò yín. Àwọn ọmọbìnrin Fúlàní tó ru igbá wàrà lẹ máa rí níbẹ̀. Àwòrán tí gbogbo wa ti ń ná tipẹ́ láì kíyè sí i yìí ló wà nídìí fíìmù náà. Ẹ má rò pé àwọn olówó Hollywood ló wà lẹ́yìn ẹ̀ o. Iléeṣẹ́ Ovbiagele fúnra ẹ̀, Danono Media, ló gbé e jáde lọ́dún 2020. Ìpínlẹ̀ Taraba ni wọ́n ti yà á, èdè Haúsá, Fúlàní àti Lárúbáwá ni wọ́n sì sọ níbẹ̀.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni Aisha àti Zainab. Anthonieta Kalunta ló ṣe Aisha, Maryam Booth ló ṣe Zainab. Àwọn afẹ̀míṣòfò ló yà wọ́n nípa. Dípò kí Aisha máa sá fún wọn, ọ̀dọ̀ wọn gan-an ló tún forí lé, nítorí àbúrò ẹ̀. Ó sì rí i lóòótọ́. Àmọ́ Zainab tó bá níbẹ̀ ti di ẹlòmíì pátápátá. Wọ́n ti yí i lórí, òun náà ti wà lára àwọn tó ń múra àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ láti lọ gbé bọ́ǹbù! Ta ló máa gbà á sílẹ̀, nígbà tóun fúnra ẹ̀ ò mọ̀ pé òun wà nígbèkùn?

Fíìmù ọ̀hún jìyà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn inú ẹ̀ kọ àjọ tó ń yẹ fíìmù wò nílẹ̀ wa lóminú, ohun tí wọ́n gé kúrò níbẹ̀ sì lé ní 20 ìṣẹ́jú. Síbẹ̀, òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tó dáa jù níbi AMAA ọdún 2020, òun náà sì ni Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sí Oscar.

Kì í ṣe àròsọ lásán ni ọ̀rọ̀ yìí o. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, ọdún 2014, ọmọbìnrin 276 ni wọ́n kó ní Chibok. Nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́wàá, ó lé ní 80 nínú wọn tí wọn ò tíì rí. Àwọn míì tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn afẹ̀míṣòfò gbọ́mọ pọ̀n wálé, làwọn ará àdúgbò bá ń sá fún wọn bí ẹni sá fún àrùn.

Bẹ́ẹ̀ ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ká wá ẹni tó sọnù rí, iṣẹ́ ńlá ni. Ká gbà á padà bó ṣe wà, iṣẹ́ yẹn tún jù bẹ́ẹ̀ lọ.