Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Kan Kò Jọ Èkejì: Ohun tí Àìbalẹ̀ Ọkàn Ń Ṣe nínú Ọpọlọ

Ẹnì kan lè ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, kó máa sùn ṣáá, kí oúnjẹ àti ọ̀rẹ́ má wù ú mọ́. Ẹlòmíràn tí dókítà ní àìsàn kan náà ló ń ṣe kì í rí oorun sùn. Àyà rẹ̀ ń já, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń kó àwọn méjèèjì pọ̀ bí wọ́n bá ń yẹ ọpọlọ wò. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Aláìsàn á dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ MRI tó ń pariwo. Wọ́n á máa fi àwòrán ojú ènìyàn hàn án: ojú tó ń rẹ́rìn-ín, ojú tó fà ro, ojú ẹni tí ẹ̀rù bà tó ranjú kalẹ̀. Bó ti ń wò ó, ẹ̀rọ náà ń tọpa ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí apá kọ̀ọ̀kan ọpọlọ. Amygdala ni wọ́n sábà máa ń ṣọ́. Méjì ni, kò tóbi ju ẹ̀pà tí a kò tíì pa lọ, òun ló sì ń ta wá lólobó bí ewu bá ń bọ̀. Ní 2001, Yvette Sheline àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé amygdala àwọn onírẹ̀wẹ̀sì ń ta kìjí jù bó ti yẹ lọ bí wọ́n bá rí ojú ìbẹ̀rù, àti pé ó rọlẹ̀ lẹ́yìn oògùn. Ṣùgbọ́n ní 2017, Veronika Müller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì kó àyẹ̀wò 99 jọ. Wọn kò rí ibì kan nínú ọpọlọ tí àbájáde wọn ti ṣe déédéé.

Òótọ́ ni pé ènìyàn kéré nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò sì dọ́gba. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àìbalẹ̀ ọkàn náà wà níbẹ̀: nínú ìwádìí kan lórí ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní STAR*D, ó lé ní ìdajì aláìsàn 2,876 tí àìbalẹ̀ ọkàn bá ìrẹ̀wẹ̀sì wọn rìn. Amygdala àwọn tó ní àìsàn ìbẹ̀rù láìsí ìrẹ̀wẹ̀sì náà sì máa ń ta kìjí. Bí oníbẹ̀rù bá pọ̀ nínú àyẹ̀wò kan, tí wọn kò tó nǹkan nínú òmíràn, báwo ni àbájáde ṣe fẹ́ bára mu?

Àwọn kan á ní àìsàn méjèèjì kì í fi ara wọn sílẹ̀, kí ló dé tí a fẹ́ fi tipá yà wọ́n? Ẹnikẹ́ni kò ní kí a yà wọ́n. Kí a wọn àìbalẹ̀ ọkàn lọ́tọ̀ lára aláìsàn kọ̀ọ̀kan ni. Ìwọ̀n ìrẹ̀wẹ̀sì tí Max Hamilton gbé jáde ní 1960 ní ìbéèrè nípa àníyàn nínú, nítorí náà máàkì ènìyàn méjì lè dọ́gba kí ìṣòro wọn má jọra.

Ẹ̀rọ kankan kò tíì lè sọ irú ìrẹ̀wẹ̀sì tó ń ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ẹnu aláìsàn ló ṣì lè sọ ọ́. Bí ẹ bá lọ rí dókítà, ẹ má sọ ti ìbànújẹ́ nìkan. Ẹ sọ ti àyà tó ń já pẹ̀lú, nítorí ìwádìí STAR*D náà fi hàn pé ara irú àwọn bẹ́ẹ̀ kì í tètè yá, wọ́n sì nílò àmójútó tó sún mọ́ wọn.